Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó Kọ́ Ọmọ Jẹ́lé-ó-sinmi?

 



Ní òwúrọ̀ gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ ní Sábó, Ilé-Ifẹ̀, kí oòrùn tó mú, àwọn ìyá a ti máa fa ọmọ wọn lọ́wọ́ gba etí títì kọjá. Ẹlòmíràn pọn ọ̀kan sẹ́yìn, ó fa ọ̀kan lọ́wọ́, ó sì ru ẹrù ọjà lérí. Ọmọ ọdún mẹ́ta wà níbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin wà níbẹ̀. Ìbòrí funfun wà ní orí ọmọbìnrin, fìlà wà ní orí ọmọkùnrin, ike omi sì so rọ̀ mọ́ wọn lọ́rùn. Ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń lọ. Nígbà tí ìyá bá ti fa ọmọ lé olùkọ́ lọ́wọ́, ó di ọ̀sán kí wọ́n tó tún fojú kan ara wọn. Ìbéèrè méjì ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń béèrè kí wọ́n tó fi ọmọ sílẹ̀: èló ni owó ilé-ẹ̀kọ́, ṣé wọ́n sì ń kọ́ wọn ní kéwú níbẹ̀? Ìbéèrè kẹta wà tí ó ju méjèèjì lọ, ṣùgbọ́n kì í sábà wá sí wọn lọ́kàn: ta ni ẹni tí ń kọ́ ọmọ yìí, níbo sì ni òun náà ti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́?

Orúkọ tí Yorùbá fún irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, jẹ́lé-ó-sinmi, dùn létí, ṣùgbọ́n ó ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Jẹ́ kí ilé ó sinmi: bí ẹni pé ìdí kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń mú ọmọ lọ síbẹ̀ ni kí ilé lè dákẹ́, kí ìyá lè ráyè ṣòwò. Èyí ni ó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ olùdásílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́, àti láàrin àwọn Mùsùlùmí pàápàá, gbà pé ẹnikẹ́ni tí ó bá lè ṣọ́ ọmọ kí ó má baà já sí títì, ó lè kọ́ ọ. Ẹni tí ó gboyè ni wọ́n ń fi sí kíláàsì àwọn àgbà. Ọmọbìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama, tí ó ń dúró de ìdánwò JAMB, ni wọ́n ń fi ti àwọn kékeré, owó oṣù tirẹ̀ ni ó sì kéré jù lọ nínú ìwé owó oṣù. Ètò tí ó dojú dé ni èyí. Kò sí bíríkìlà tí í fi ọmọ iṣẹ́ tí ó dé lánàá síbi ìpìlẹ̀, kí ọ̀gá sì máa dúró de ìgbà tí wọn yóò kan òrùlé.

Òtítọ́ tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ gbà ni pé kíláàsì tí ọmọ kéré jù lọ ni ó nílò olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ jù lọ. Ìmọ̀ ẹ̀sìn nìkan kò tó fún un. Dìgírì nìkan kò tó fún un. Ìfẹ́ ọmọ nìkan kò tó fún un. Iṣẹ́ tí ó ní ìkọ́ṣẹ́ tirẹ̀ ni, ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ sì wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ gbà á. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Ẹ wo ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó parí ilé-kéwú, tí ó gba ìwé-ẹ̀rí Ìdáádì àti Sànáwì, tí ó sì tún gboyè nínú èdè Lárúbáwá ní yunifásítì. Irú rẹ̀ pọ̀ láàrin àwọn ọmọ ẹgbẹ́, ohun ìdùnnú sì ni. Ó mọ náhwù, ó mọ sárfù, ó lè ka ìwé tí kò ní àmì kankan lórí. Iṣẹ́ ìjọba kò sí, ilé-ẹ̀kọ́ Mùsùlùmí kan sì gbà á pé kí ó máa kọ́ àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin. Ó wọlé, ó kọ àlífù sí ojú pátákó, ó ní kí wọ́n dà á kọ. Ọmọ kan ń sunkún ìyá rẹ̀, èkejì ti sùn, ẹ̀kẹta ti tọ̀ sára, ẹ̀kẹrin ń bá ẹ̀karùn-ún jà nítorí pẹ́ńsùlù. Kí wákàtí kan tó pé, pàṣán ti dé ọwọ́ rẹ̀. Kì í ṣe pé ó jẹ́ ìkà. Ohun tí ó mọ̀ ni ó tán. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ pé ìka ọmọ ọdún mẹ́rin kò tíì gbó tó láti di pẹ́ńsùlù mú fún ìgbà pípẹ́, pé ọkàn ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í dúró lójú kan, pé eré ni ó fi ń kọ́gbọ́n, àti pé ẹkún rẹ̀ ní ìtumọ̀. Ọmọ tí wọ́n bá fi pàṣán kọ́ ní àlífù ní ọmọ ọdún mẹ́rin lè máa sá fún àlífù títí tí yóò fi dàgbà. Ohun tí ó wà nínú ewu nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà ju ọ̀rọ̀ ìwé-ẹ̀rí lọ. Ìfẹ́ tí ọmọ Mùsùlùmí yóò ní sí Ìwé Ọlọ́hun ni.

Kí ni òfin sọ nípa ẹni tí ó yẹ ní olùkọ́? Ní ọdún 1993 ni òfin kọkànlélọ́gbọ̀n ti ọdún náà dá ìgbìmọ̀ tí ń forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí TRCN. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pinnu ẹni tí ó lè jẹ́ orúkọ olùkọ́, gẹ́gẹ́ bí irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ti wà fún àwọn dókítà. Ìpele mẹ́rin ni ó pín àwọn olùkọ́ sí: àwọn tí ó ní oyè ọ̀mọ̀wé, àwọn tí ó ní oyè kejì, àwọn tí ó ní oyè àkọ́kọ́, àti àwọn tí ó ní NCE. NCE ni ìwé-ẹ̀rí tí ó kéré jù lọ tí ó lè sọ ènìyàn di olùkọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí dìgírì rẹ̀ kì í ṣe ti iṣẹ́ olùkọ́ni, ì báà jẹ́ ti Lárúbáwá, ti ìmọ̀ Ìsìláàmù, ti kẹ́mísírì tàbí ti òfin, kò tíì di olùkọ́ lójú ìgbìmọ̀ náà àfi bí ó bá fi ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n ń pè ní PGDE kún un. Láti ọdún 2017 ni ìgbìmọ̀ náà ti ń ṣe ìdánwò fún àwọn tí ó fẹ́ forúkọ sílẹ̀. Ìjọba sì fi ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2019 ṣe gbèdéke pé ẹni tí kò bá ní ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ kò gbọdọ̀ sí ní kíláàsì mọ́. Gbèdéke náà ti kọjá tipẹ́. Bí ó bá wá ku ibì kan tí wọn kò tíì kà á sí, kíláàsì àwọn kékeré ni, nítorí kò sí ìdánwò WAEC níbẹ̀ tí yóò tú àṣírí.

Ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà ní ìwé-ẹ̀rí yìí kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹni tí kò tíì ní dìgírì lè lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ni fún NCE, ọdún mẹ́ta sì ni. Ẹ̀ka kan wà nínú NCE tí ó jẹ́ ti ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé kékeré nìkan. Ẹni tí ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ lè gba ọ̀nà Ilé-Ẹ̀kọ́ Gbogbo-gbòò fún Àwọn Olùkọ́, NTI, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1976, tí olú ilé rẹ̀ wà ní Kàdúná, tí ó sì ń kọ́ àwọn olùkọ́ láìjẹ́ pé wọ́n fi ìlú wọn sílẹ̀. Ẹni tí ó jẹ́ pé ilé-kéwú nìkan ni ó lọ, kí ó má ṣe rò pé ilẹ̀kùn ti sé mọ́ òun. Àjọ tí ń ṣe ìdánwò fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Lárúbáwá ní Nàìjíríà, NBAIS, ń ṣe ìdánwò àṣekágbá ilé-ẹ̀kọ́ girama tí Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò wà nínú rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ó lè mú ọ̀nà NCE tàbí ti yunifásítì pọ̀n.

Ẹni tí ó bá ti gboyè tẹ́lẹ̀, PGDE ni tirẹ̀. Wọn yóò béèrè dìgírì tàbí HND lọ́wọ́ rẹ̀, àti ìwé-ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ girama; yunifásítì tí ó ti jáde yóò sì fi àkọsílẹ̀ èsì ìdánwò rẹ̀ ránṣẹ́. Ọ̀pọ̀ yunifásítì tún ń béèrè ìwé àgùnbánirọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé Madínà tàbí al-Azhar ni ó ti gba oyè tirẹ̀, kí ó kọ́kọ́ mú ìwé náà lọ sí ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ètò ẹ̀kọ́, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì sọ ìpele tí ó bá mu ní Nàìjíríà. Ẹ̀kọ́ náà tó bí ọdún kan fún ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ mọ́ ọn, ó sì ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́. Yóò kọ́ nípa bí ọmọ ṣe ń dàgbà ní ara àti ní ọkàn, ìtàn àti èrò ìjìnlẹ̀ ẹ̀kọ́, bí wọ́n ṣe ń ṣètò iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ àti ti sáà, bí wọ́n ṣe ń díwọ̀n ohun tí ọmọ mọ̀, àti ọ̀nà ìkọ́ni. Lẹ́yìn náà, wọn yóò rán an lọ sí kíláàsì láti kọ́ni, kí olùkọ́ rẹ̀ wá jókòó sẹ́yìn, kí ó máa wò ó, kí ó sì máa fi àṣìṣe rẹ̀ hàn án. Apá yìí gan-an ni ó sọ ọ́ di oníṣẹ́.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí ọ̀dọ́ mọ̀ kí ó tó dáwọ́ lé e. PGDE kì í ṣe ti àwọn ọmọdé kékeré nìkan. Gbogbo ìpele ni ó wà fún. Ènìyàn lè parí rẹ̀ láìfi ojú kan ọmọ ọdún mẹ́rin rí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní jẹ́lé-ó-sinmi lọ́kàn, kí ó bẹ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ pé kí wọ́n rán òun lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn kékeré fún ìdánrawò ìkọ́ni, kí ó sì fi iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ lọ síwájú, Yunifásítì Ìbàdàn ní ẹ̀ka tí ó dá lórí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé kékeré, PGDE tí ó ní sì lè ṣí ọ̀nà oyè kejì fún un.

Àwọn kan yóò sọ pé ìmọ̀ Òyìnbó ni gbogbo èyí, pé àwọn Àáfà àtijọ́ kò gba PGDE, síbẹ̀ wọ́n kọ́ àwọn tí ó gbé Àlùkùráánì lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ náà ní òtítọ́ nínú, ṣùgbọ́n kò parí síbẹ̀. Ta ni ó jókòó kọ́ ènìyàn ní Àlùkùráánì láyé àtijọ́ láìsí pé olùkọ́ tirẹ̀ ti jẹ́rìí sí i? Ìjásà ni ìwé-àṣẹ tí olùkọ́ ń fún akẹ́kọ̀ọ́ pé mo gbọ́ kíkà rẹ̀, mo sì yọ̀ǹda kí ó kọ́ ẹlòmíràn. Orúkọ olùkọ́ olùkọ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ó ń lọ sókè láti ìran dé ìran títí dé ọ̀dọ̀ Ànábì. Ẹ̀sìn tí kò gbà kí ẹnikẹ́ni kọ́ni ní kíké Àlùkùráánì láìsí ẹ̀rí kì í ṣe ẹ̀sìn tí yóò kórìíra ìwé-ẹ̀rí olùkọ́. Bákan náà, ọmọ kéwú ayé àtijọ́ a máa gbé ọ̀dọ̀ Àáfà rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún; ó ń bá a tọ́jú àwọn kékeré, ó ń wo bí ó ṣe ń rẹ ọmọ lẹ́kún, bí ó ṣe ń bá ọlọ́pọlọ pípé àti ẹni tí kò tètè gbọ́ lò. Ìkọ́ṣẹ́ ni, bí kò tilẹ̀ ní orúkọ yìí. Ọ̀dọ́ òde òní bọ́ láti yàrá ẹ̀kọ́ yunifásítì sí àárín ọmọ ọgbọ̀n láìgba irú ìkọ́ṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó sọnù ni PGDE ń dá padà fún un.

Ní ti ìmọ̀ tí kì í ṣe ti Mùsùlùmí, ẹ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ogun Bádírì. Àwọn kan nínú àwọn ẹrú ogun kò ní owó ìràpadà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀-ọ́n-kọ, wọ́n mọ̀-ọ́n-kà. Ànábì gbà kí wọ́n fi kíkọ́ àwọn ọmọ Madínà ní ìwé ra ara wọn padà. Ọ̀ṣẹbọ ni wọ́n, ọ̀tá ni wọ́n sì jẹ́. Síbẹ̀ kò sọ pé ìmọ̀ ìkọ̀wé wọn jẹ́ aláìmọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìmọ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ kì í ṣe àjèjì sí àwọn onímọ̀ Ìsìláàmù. Muhammad ibn Sahnun ti ìlú Qayrawan, tí ó kú ní ọdún 870, kọ ìwé kan lórí ìwà àti òfin àwọn olùkọ́ ọmọdé. Nínú rẹ̀ ni ó ti fi ààlà sí nínà, tí ó sì pa á láṣẹ pé kí olùkọ́ má fi ọmọ olówó ga ju ọmọ tálákà lọ. Ìmáàmù al-Ghazali, tí ó kú ní ọdún 1111, sọ pé ó yẹ kí ọmọ ráyè ṣeré lẹ́yìn ẹ̀kọ́, kí ọkàn rẹ̀ má baà kú. Ibn Khaldun, ní ọdún 1377, ṣe àlàyé pé líle mọ́ ọmọ jù ń kọ́ ọ ní irọ́ àti ẹ̀tàn, nítorí ìbẹ̀rù. Ní ọdún 1837 ni Friedrich Froebel dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kékeré tirẹ̀ sílẹ̀ ní Jámánì, tí Maria Montessori sì ṣí tirẹ̀ ní Róòmù ní ọdún 1907. Ẹni tí ó bá kọ́ ẹ̀kọ́ àwọn méjèèjì nínú PGDE yóò rí i pé ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n wí ni etí Mùsùlùmí ti gbọ́ rí.

Ta ni ó tún mọ ọ̀nà àwọn ọmọdé ju Ànábì lọ? Ó gbé Umamah, ọmọ ọmọ rẹ̀, dání lórí ìrun. Nígbà tí ọmọ ọmọ rẹ̀ mìíràn gùn ún lẹ́yìn níbi tí ó ti forí kanlẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀ títí ọmọ fi tẹ́ ìfẹ́ rẹ̀ lọ́rùn. Bí ó bá gbọ́ ẹkún ọmọ lẹ́yìn, ó ń dín ìrun kù nítorí ìyá rẹ̀. Ẹni tí ó wà níwájú Ọlọ́hun, tí etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́ ẹkún ọmọ, ni àpẹẹrẹ fún olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi.

Ó yẹ kí ìtìjú díẹ̀ mú àwọn ará Ilé-Ifẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ìlú yìí ti fi ọ̀nà han gbogbo ayé rí. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Aliu Babátúndé Fáfúnwá, Mùsùlùmí, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí ó ti di Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ láti ọdún 1987, bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa nínú àwọn ẹ̀kọ́ yòókù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rántí apá ti èdè. Ohun tí wọ́n máa ń gbàgbé ni pé wọ́n kọ́ àwọn olùkọ́ fún iṣẹ́ náà kí wọ́n tó fà wọ́n lé àwọn ọmọ lọ́wọ́, wọ́n sì kọ ìwé tuntun fún wọn. Fáfúnwá di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ láàrin ọdún 1990 sí 1992, ó sì kú ní ọdún 2010. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ kéde pé èdè abínibí ni wọn yóò máa fi kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2025 wọ́n yí i padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ìlànà lè máa yí bí ọ̀gà. Olùkọ́ tí ó bá mọ iṣẹ́ ni ọmọ yóò fara mọ́ nígbà gbogbo.

Ní Sábó, ọ̀rọ̀ èdè yìí tún lé kenkà. Ọmọ kan lè gbọ́ Hausa lẹ́nu ìyá rẹ̀, Yorùbá lẹ́nu àwọn ọmọ àdúgbò, Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu olùkọ́, àti Lárúbáwá lẹ́nu Àáfà, kí ó tó pé ọmọ ọdún márùn-ún. Olùkọ́ tí kò kọ́ṣẹ́ yóò rí ọmọ tí ó dákẹ́, yóò sì pè é ní olódo. Ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ yóò mọ̀ pé ọmọ náà ń to èdè mẹ́rin jọ nínú orí kan. Ó tún ju ọ̀rọ̀ èdè lọ. Kò sí ẹni tí ó ń gbé Sábó tí yóò gbàgbé oṣù Kẹta ọdún 2017, nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàrin Yorùbá àti Hausa, tí ẹ̀mí ṣòfò, tí ilé àti ọjà sì jóná. Ọmọ Hausa àti ọmọ Yorùbá ń jókòó lórí ẹní kan náà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Bí ọ̀kan bá já nǹkan gbà lọ́wọ́ ìkejì, ohun tí olùkọ́ bá sọ ní ìṣẹ́jú yẹn, àti orúkọ tí ó bá pe ọmọ náà, lè jẹ́ ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí àwọn méjèèjì yóò kọ́ nípa ẹ̀yà ara wọn. Ìlú tí ó ti rí irú ọdún bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí ó fi ìṣẹ́jú yẹn sí ọwọ́ ẹni tí kò kọ́ bí wọ́n ṣe ń là á kọjá.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti mọ ìwúwo iṣẹ́ yìí. Ní ilẹ̀ Faransé, olùkọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta àti olùkọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá wà ní ipò iṣẹ́ kan náà, ìdánwò kan náà ni wọ́n ń ṣe wọlé. Láti ọdún 2019 ni ó sì ti di dandan níbẹ̀ kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní ọmọ ọdún mẹ́ta. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 2013, ẹni tí ó bá fẹ́ jẹ́ orúkọ olùkọ́ àwọn ọmọdé kékeré gbọ́dọ̀ ní dìgírì, ó sì gbọ́dọ̀ ti yege nínú Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kí wọ́n tó gbà á fún ìkọ́ṣẹ́. Nàìjíríà pàápàá ti fi ọdún kan ṣáájú alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kún ẹ̀kọ́ tí ó jẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọ. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀ sọ pé eré ni kí wọ́n máa fi kọ́ àwọn ọmọ yìí, àti pé kí ọmọ tí olùkọ́ kan ń mójú tó ní jẹ́lé-ó-sinmi má ju mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ. Ó kù kí àwọn tí ń dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ tẹ̀lé e.

Àwọn àgbà ti ṣe ti wọn. Nígbà tí àwọn ọmọ Mùsùlùmí ń pàdánù ẹ̀sìn wọn ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ, àwọn kan péjọ ní Èkó ní ọdún 1923, wọ́n dá Ansar-ud-Deen sílẹ̀, wọ́n sì kọ́ ilé-ẹ̀kọ́. Nígbà tí ilé-kéwú kò ní kíláàsì tàbí ètò, Sheikh Adam Abdullah al-Ilori dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1952, ó gbé e lọ sí Agége ní ọdún 1955, ó sì mú ètò kíláàsì àti ìdánwò wọ inú ẹ̀kọ́ Lárúbáwá. Ìran kan kọ́ ilé, ìran kejì tò ó létòlétò. Iṣẹ́ tí ó kù fún ìran yìí ni olùkọ́.

Kí ni ṣíṣe? Lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ̀ka ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa fi owó sàdákà rán ó kéré tán ènìyàn kan lọ fún PGDE tàbí NCE ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé kékeré ní ọdún kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àdéhùn pé yóò fi ọdún mẹ́ta kọ́ àwọn kékeré ní ilé-ẹ̀kọ́ Mùsùlùmí lẹ́yìn náà. Owó tí wọ́n ń ná lórí àsè wòlímọ̀ kan ṣoṣo lè gbé olùkọ́ kan jìnnà. Ìkejì, kí àwọn olùdásílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ san owó oṣù kan náà fún ẹni tí ó ní ìwé-ẹ̀rí kan náà, ì báà jẹ́ kíláàsì àwọn kékeré tàbí ti àwọn àgbà ni ó wà. Bí wọ́n bá ń fi owó bu iṣẹ́ náà kù, kò sí ọlọ́gbọ́n tí yóò dúró nídìí rẹ̀. Kí wọ́n má sì lé ọmọbìnrin tí ó wà níbẹ̀ nísinsìnyí. Kí wọ́n ràn án lọ́wọ́ láti gba NCE.

Ẹ̀yin arábìnrin, iṣẹ́ yìí ń dúró dè yín. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti gboyè, ẹ sì wà nílé nítorí ọmọ. Ọ̀nà NTI àti ti yunifásítì gbogbo-gbòò, NOUN, wà fún ẹni tí kò lè fi ilé sílẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́kùnrin, ẹ má ṣe rò pé kíkọ́ ọmọ ọdún mẹ́rin rẹ oyè yín sílẹ̀. Ẹni tí Ànábì gùn gẹ́gẹ́ bí ẹṣin rẹ̀ kò sí, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ jẹ́ kí ọmọdé gun òun. Ẹ̀yin òbí, ní òwúrọ̀ ọ̀la, kí ẹ tó ju ọwọ́ ọmọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè ìbéèrè kẹta yẹn. Olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ kò ní bínú sí i. Olùdásílẹ̀ tí wọ́n bá ń bi í ní gbogbo òwúrọ̀ kò ní pẹ́ wá ìdáhùn sí i.

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ọmọ tí a kọ́ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́ kò sàn jù ú lọ. Amáánà ni ọmọ, Ọlọ́hun yóò sì béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí Ó fi í fún, àti lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n fà á lé lọ́wọ́. Kí Ọlọ́hun fi ìmọ̀ tí ó ṣàǹfààní kún ìmọ̀ àwọn olùkọ́ Mùsùlùmí, kí Ó fi àánú sí wọn lọ́kàn, kí Ó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ Sábó àti ti gbogbo ilẹ̀ Yorùbá jẹ́ ìtura ojú fún àwọn òbí wọn. Àmín.